Mo Yí Irin Abẹ́ Ọkọ̀ Rẹ̀ Padà Kí Ojú Lè Tì Í

Èmi ni mo fọwọ́ kan irin abẹ́ ọkọ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé àṣìṣe ni. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ẹni tí yóò ṣẹlẹ̀ sí.

Bí ẹ bá sì ń retí kí n sọ ní ìparí pé mo ti dárí ji ẹni tó rẹ́ mi jẹ, ẹ máa retí.

Mẹkáníìkì ni mí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wà ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, obìnrin kan ṣoṣo láàárín ọkùnrin mẹ́rin. Ọ̀gá wa kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní òfin kan tí kì í yẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá de nọ́ọ̀tì lábẹ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fi bírò ọ̀dà fa ìlà lé e lórí, pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì bá tú, ìlà á ya, a ó sì rí i. Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, a ó mọ ọlọ́wọ́. Yẹ́lò ni tèmi.

Ẹnì kan wà láàárín wa tí à ń pè ní Ròfọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹnu dùn ún rò'fọ́. Òun gan-an ni ẹnu náà. Pupa ni àwọ̀ tirẹ̀, àmọ́ ẹ máa pẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó rí i. Bí oníbàárà bá ń bọ̀, Ròfọ́ ti dé ẹnu ọ̀nà. Bó bá ku ká dùbúlẹ̀ kí epo máa kán síni lójú, ẹnì kan ti pe Ròfọ́ lórí fóònù.

Ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ. Bọ̀ọ̀dá ni mo máa ń pè é. Ìyá Ìwé ló ń pe èmi, nítorí ìwé kékeré kan tí mo máa ń kọ iṣẹ́ mi sí.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin tíṣà kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá.

"Ọkọ̀ mi ń bẹ̀rù kọ́nà," ó ní. "Bí mo bá ti yà báyìí, ṣe ló máa ń dùbúlẹ̀ bí ewúrẹ́ tó fẹ́ bímọ. Àwọn ọmọ tí mò ń gbé lọ sílé ìwé ti ń bì sórí àga."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ abẹ́ ọkọ̀ náà, mo rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Irin kan wà lábẹ́ ọkọ̀ tó tẹ̀ kọrọdọ, tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ òsì. Sítébílásà là ń pè é. Òun ni kì í jẹ́ kí ara ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bó bá wọ kọ́nà. Ọ̀kan wà níwájú, ọ̀kan wà lẹ́yìn. Ti ọkọ̀ tíṣà yìí tín-ín-rín bí ìka ọwọ́.

"Ẹ fi èyí tó nípọn síwájú, ó parí," Ròfọ́ sọ láti ibi tó jókòó sí.

A fi èyí tó nípọn síwájú. Ọkọ̀ kò fẹ̀gbẹ́ mọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ yà mọ́. Ẹ ó yí ìdarí, imú ọkọ̀ á ṣì máa lọ tààrà, bí ọmọ tí wọ́n pè tó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Bí mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé mi gan-an nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi lé iṣẹ́ yẹn. Mo dá irin àtijọ́ padà síwájú. Mo wá èyí tó nípọn fún ẹ̀yìn, irú èyí tó ní ihò mẹ́ta ní orí kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi sí ihò òde, ó rọ̀. Bí ẹ bá fi sí ihò inú, ó le gan-an. Mo gbìyànjú gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wà á, mo sọ̀ kalẹ̀, mo kọ ọ́, mo tún wọ abẹ́ rẹ̀ lọ.

Ihò àárín ni ọkọ̀ náà fẹ́. Nípa ihò inú, mo kọ ọ́ báyìí, mo sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀: "Ó ti le jù. Ìdí ọkọ̀ á fò jáde ní kọ́nà, pàápàá bí awakọ̀ bá bẹ̀rù tó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lójijì lórí tòróòtù tó ń fún ọkọ̀ ní eré."

Ọjọ́ tí tíṣà wá gbé ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n ti rán mi lọ ra rọ́bà. Ròfọ́ ló gbà á lálejò. Wọ́n ní nígbà tí obìnrin náà yà ní kọ́nà àkọ́kọ́, ariwo ẹ̀rín ló pa. "Háà! Ṣé ọkọ̀ mi nìyí, àbí ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀?"

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Ọ̀gá pe gbogbo wa jọ. Ó ní tíṣà ti sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, èèyàn mẹ́sàn-án ló ti fẹ́ kí a bá àwọn ṣe irú rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún un, Ròfọ́ ni yóò sì jẹ́ olórí ibẹ̀, nítorí òun ló ronú iṣẹ́ náà.

Ròfọ́ dìde, ó túnra ṣe. "Ẹ̀yin ará, ẹ̀yìn ni àṣírí wà. Bí ẹ bá fi sí iwájú nìkan, imú ọkọ̀ á máa lọ tààrà bí ọmọ tí wọ́n pè tó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ló jí. Àwàdà inú ìwé mi náà ló jí.

"Ọ̀gá, èmi ni mo ṣe iṣẹ́ yẹn," mo ní.

"Ròfọ́ ní òun ló ń darí ẹ."

"Irọ́ ni, sà. Kò wọ abẹ́ ọkọ̀ yẹn rí."

Ọ̀gá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ẹ̀rí dà?"

Mo na ìwé mi sí i. Kí Ọ̀gá tó gbà á, Ròfọ́ ti gba ọ̀rọ̀ sọ.

"Àbúrò, ta ló ń pe ọ̀rọ̀ tí ìwọ ń kọ? Ṣé akọ̀wé ti wá di ọ̀gá ni?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá dá gíláàsì padà sójú. "Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́," ló wí.

Nílé, mo ro ẹjọ́ fún màmá mi, tó ń ránṣọ ní pálọ̀ wa. Kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ṣe sùúrù," ó ní. "Ẹni tó jí fèrè ọba, níbo ló ti máa fọn ún?"

"Ó ń fọn ún, Màámi! Ojú gbogbo wa ló ti ń fọn ún, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún un!"

"Ìwọ náà ò wá lè gba fèrè lẹ́nu rẹ̀."

"Màá gbà á," mo ní. "Ẹ máa wò ó."

Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa gbà á. Ròfọ́ fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀nà hàn mí.

Ó ra irin tó nípọn sí ẹ̀yìn ọkọ̀ tirẹ̀. Ó ní ní Sátidé, òun máa ṣe àfihàn fún àwọn oníbàárà lórí ilẹ̀ kankéré gbalasa kan tó wà lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí kan nítòsí. Wọ́n á to kóònù rọ́bà olórí ṣóńṣó sílẹ̀, ọkọ̀ á máa yà láàárín wọn, gbogbo ayé á sì rí i. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tó lọ, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó sì de irin náà fúnra rẹ̀. Ihò òde ló fi sí, èyí tó rọ̀.

Ní ọ̀sán Fúráídè, wọ́n jáde lọ jẹun. Ọkọ̀ Ròfọ́ wà lórí jáàkì níwájú mi.

Mo dúró, mò ń wò ó. Mo rántí ẹ̀rín wọn. Mo rántí "akọ̀wé".

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mi sọ̀rọ̀. Mo ní, ilẹ̀ gbalasa ni. Kò sí ògiri níbẹ̀, kò sí gọ́tà. Á kàn yí bí òkòtó níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, ẹnu tó fi ń rò'fọ́ á pa dé, ó parí. Òpó iná kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Mo ti rí i. Mo ní ó jìnnà.

Ẹ wò ó, mi ò ní parọ́ fún yín: ó dùn mọ́ mi. Bí mo ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ yẹn, ó dà bíi pé mò ń wọlé àríyá. Mo tú ti ọ̀tún, mo sún un sí ihò inú. Mo tú ti òsì, mo sún òun náà. Mo dè wọ́n dáadáa. Mi ò lè de nọ́ọ̀tì kí n má dè é dáadáa, kódà nígbà tí mò ń ṣe ibi. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Nígbà tí Ròfọ́ dé, mo kí i pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú ìmúra ọ̀la."

"Ìyá Ìwé mi!" ó ní. "O ò bínú mọ́? Ohun tí mo fẹ́ràn nípa ẹ nìyẹn."

Ní ìrọ̀lẹ́, mo fi orin bọ ẹnu. Màmá mi wò mí títí. "Kí ló ń dùn mọ́ ẹ báyìí?"

"Ọ̀la ni, Màámi."

Òjò rọ̀ ní ìdájí Sátidé. Nígbà tí a fi máa dé ibẹ̀, kankéré náà ṣì tutù, ó ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Èèyàn tó tó ogójì ti dé. Ròfọ́ wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú bí olóṣèlú. Mo wá ibi tí màá ti ríran dáadáa, mo dúró síbẹ̀.

"Èmi ni màá máa ṣàlàyé," ni Ròfọ́ kéde. "Awakọ̀ mi ni yóò máa wà á. Ìyá Ìwé, bọ́ síbí!"

Ó ju kọ́kọ́rọ́ sí mi. Mo hán an. Ọwọ́ mi ló hán an, kì í ṣe èmi.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ wà á fúnra yín. Ọkọ̀ yín ni."

"Ṣé ẹnu méjì ni mo ní ni? Kí n máa wakọ̀, kí n tún máa sọ̀rọ̀?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo wo Ọ̀gá. Ó kàn mi orí sí mi pé kí n lọ.

Kí n tó mọ ohun tí màá sọ, tíṣà yẹn ti ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì. "Èmi ni màá jókòó tì í," ó ní. "Ọkọ̀ mi ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́rìí."

Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni mo la ẹnu láti sọ pé kí ó bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni mo pa á dé. Bí mo bá ní ọkọ̀ yìí kò dára, wọ́n á bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀.

Mo ní kò burú, màá rọra wà á. Bí mo bá rọra lọ, kò ní sí nǹkan kan. A bẹ̀rẹ̀. Mo ń lọ bí ẹni tó gbé ẹyin sórí.

Tíṣà yíjú sí mi. "Ìwọ lo ṣe tèmi, àbí?"

Mo tẹjú mọ́ kóònù tó wà níwájú.

"Má parọ́ fún mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá wá wo ọkọ̀ mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, bàtà kan náà ni mò ń rí lábẹ́ rẹ̀." Ó tọ́ka sí ẹsẹ̀ mi. "Òun ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ yìí. Mi ò mọ̀ pé ẹlòmíràn ni wọ́n gbé oyè náà fún àfi lónìí. Bí a bá sọ̀ kalẹ̀, màá bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀. Ohun tó tọ́, ẹ jẹ́ ká máa ṣe é."

Ẹ gbọ́ mi? Ohun tí mo ń wá ti jókòó tì mí. Ẹ̀rí tí wọ́n ní kí n mú wá, ó de bẹ́líìtì mọ́ra níbẹ̀, ó ń fi ojú àánú wò mí. Kí n ṣáà rọra yí ká, kí n dúró, kí n sọ̀ kalẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ohùn Ròfọ́ jáde láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ má bínú o, ẹ̀yin ènìyàn mi! Irin ò níṣòro, awakọ̀ ló ń bẹ̀rù! Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún un kí ara rẹ̀ lè yá. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìwé ló mọ̀ ọ́n kọ, kì í ṣe ọkọ̀!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ojú mi ṣú. Mo ní, ta ló mọ irin yìí jù mí lọ? Kí n sáré lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kọ́nà kan péré, kí n fi han Ròfọ́ ẹni tó ni iṣẹ́. Mo ní ọwọ́ mi á ká a.

Mo tẹ tòróòtù mọ́lẹ̀.

A wọ kọ́nà. Mo gbọ́ ọ nínú ìdí mi, bí ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe fúyẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Èmi tí mo kọ ọ́ sínú ìwé, tí mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lójijì.

Ìdí ọkọ̀ fò jáde. Ayé yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀kejì. Tíṣà pariwo, "Yéè!" Lẹ́yìn náà ni òpó iná tí mo ní ó jìnnà wọlé bá wa láti ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀.

Wọ́n sáré dé. Wọ́n ń fa ilẹ̀kùn. Apá ọ̀tún obìnrin náà tẹ̀ sí ibi tí apá kì í tẹ̀ sí. Kò sunkún. Ó kàn ń wo apá náà bíi pé ti ẹlòmíràn ni.

"Ó ti ba ọkọ̀ mi jẹ́!" Ròfọ́ ń pariwo. "Mo sọ fún yín! Kò mọ ọkọ̀ wà!"

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà létè mi, obìnrin náà ṣì ń gbọ̀n nílẹ̀, síbẹ̀ mo na ìka sí Ròfọ́.

"Irin tẹ́ ẹ dè ni! Ẹ̀yin lẹ dè é, gbogbo wa la rí yín! Ẹ fẹ́ pa wá!"

Gbogbo ojú yí sí i. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ pa dé. Fún bí ìṣẹ́jú kan, inú mi dùn. Ọlọ́run ló mọ̀, inú mi dùn.

Nígbà tí wọ́n ti gbé tíṣà lọ sí ilé ìwòsàn, Ọ̀gá gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ẹnì kan. Ó dùbúlẹ̀ sórí kankéré tó tutù náà pẹ̀lú aṣọ Sátidé rẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Gbogbo wa dúró.

Nígbà tó jáde, ó nu ọwọ́.

"Ihò inú ló wà," ó ní.

"Ọ̀gá, mo búra, ihò òde ni mo fi sí!" Ròfọ́ ti fẹ́ sunkún. "Mo fa ìlà pupa lé e lórí!"

"Mo mọ̀. Ìlà pupa rẹ wà níbẹ̀, ó ti ya sí méjì." Ọ̀gá yíjú sí mi. Kì í ṣe ojú mi ló ń wò. Àpò àyà mi ló ń wò, níbi tí bírò ọ̀dà mi há sí. "Ìlà yẹ́lò ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́tùn-ún, lósì."

Mi ò rántí pé mo fà á. Títí di òní, mi ò rántí. Ọdún mẹ́fà ni ọwọ́ mi ti ń de nọ́ọ̀tì tó sì ń fa ìlà. Nígbà tí ọkàn mi ń ṣe ìkà, ọwọ́ mi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Ní Mọ́ńdè, Ọ̀gá ní kí n kó irinṣẹ́ mi. Bí mo ṣe ń kó o, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Mo wo abẹ́ ọkọ̀ tíṣà láàárọ̀ yìí," ó ní. "Gbogbo nọ́ọ̀tì tó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, yẹ́lò ni. Kò sí pupa kan níbẹ̀. Ká ní o sọ pé kí n bẹ̀rẹ̀ wò ó lọ́jọ́ yẹn…"

Mo ju sípánà tó wà lọ́wọ́ mi sínú àpótí. "Ẹ̀yin lẹ ṣòfin, Ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ bi mí pé ẹ̀rí dà. Kí ló dé tí ẹ̀yin ò bẹ̀rẹ̀?"

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń fi ẹ̀wù nù ún.

"Ròfọ́ ńkọ́?" mo bi í.

"Kí n lọ sọ fún àwọn oníbàárà pé olè ni ọ̀kan nínú òṣìṣẹ́ mi, ìkejì sì fẹ́ẹ̀ pààyàn? Lọ sílé, ọmọ mi."

Ròfọ́ ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Òun ṣì ni olórí ẹ̀ka náà. Ihò àárín ló ń fi irin ọkọ̀ àwọn èèyàn sí, ọkọ̀ wọn sì ń yà dáadáa. Bí mo bá sọ pé iṣẹ́ mi ni, ta ló máa gbà mí gbọ́? Ohun tó jí gbé, èmi fúnra mi ni mo fi ìwà mi kọ ìwé pé tirẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá rẹ́ jẹ níbi iṣẹ́, mi ò ní sọ pé kí ẹ káwọ́ lérí. Ẹ jà. Ẹ pariwo, ẹ fa ọ̀gá yín lọ́wọ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ kí ó wo abẹ́ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ bá máa ṣe, ẹ ṣe é ní gbangba, kí ẹ lè rí ẹni tó wà lẹ́bàá ibi tí òkò yín ń bọ́ sí.

Mo lọ kí tíṣà ní ilé ìwòsàn. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, apá ọ̀tún rẹ̀ nínú símẹ́ńtì funfun láti èjìká dé ọwọ́. Ìwé ìdánwò àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Wọ́n ti sọ fún mi," ó ní. "Ṣé lóòótọ́ ni pé o mọ̀ pé ó máa yí?"

"Mo mọ̀, mà."

"Mo sì jókòó tì ẹ́. Mo sì ń sọ fún ẹ pé màá bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀ nítorí ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló wá dé tó o fi tẹ̀ ẹ́?"

"Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mà. Níwájú gbogbo èèyàn. Iṣẹ́ mi ló gbà, ó tún ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, bí tíṣà tó ń gbọ́ ìdáhùn ọmọ tó mọ apá kan nínú ẹ̀kọ́.

"Òun ló ṣe ìyẹn," ó ní. "Èmi ńkọ́? Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀ ẹ́?"

Mo ń wo símẹ́ńtì funfun náà.

Ó dúró dè mí bí ó ti yẹ. Nígbà tó rí i pé ìdáhùn ò ní wá, ó fa ìwé ọmọ kan sún mọ́ra, ó fi ọwọ́ òsì mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi máàkì sí i. Lẹ́tà rẹ̀ ń wọ́, ó ń yọ gọ́ńgọ́, bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Kò wò mí mọ́.